Àádọ́ta Ìṣẹ́jú sí Ọ̀dọ̀ Dúdú

Bí ẹ bá bi páílọ́ọ̀tì wa léèrè bí ibi tí ìyàwó mi wà ṣe jìnnà tó, á ní ọ̀rìnlérúgba kìlómítà ni, àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú afẹ́fẹ́. Èmi tí mo ti ń dá sùn láti oṣù mẹ́wàá, mo mọ̀ pé irọ́ ni. Bẹ́ẹ̀dì wa nìkan, láti ẹ̀gbẹ́ tèmi dé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, ó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Mo gbìyànjú àtiyí dé ọ̀hún lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ mọ́ bá mi lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mò ń kó ẹrù sínú bàálù. Pápá ọkọ̀ òfurufú tiwa kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣàn o. Títì kan ṣoṣo ló ní tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀, kò sì ní iná. Yàrá kan wà tí àwọn èrò ń jókòó sí, fáànù méjì wà níbẹ̀, a máa ń bẹ ọ̀kan kó tó yí, èkejì ò gbẹ̀bẹ̀. Bàálù kan ṣoṣo náà ló ń wá. Ìjókòó mọ́kàndínlógún ló wà nínú rẹ̀. Á gbéra níbí ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á balẹ̀ ní pápá kejì nígbà tí agogo márùn-ún bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì gbéra padà ní agogo márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú, kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ ọn lórí títì wa tí kò níná yẹn. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kó ẹrù sínú rẹ̀. Tí wọ́n bá to gbogbo àpótí tí mo ti gbé léra wọn, òṣùpá á máa forí gbá a. Ṣùgbọ́n mi ò wọ bàálù rí. Mo dà bí télọ̀ tó ń rán aṣọ ìyàwó, tí wọn ò ní pè síbi ìgbéyàwó.

Dúdú ni mò ń pe ìyàwó mi. Pápá tiwa níbí ni òun náà ti ṣiṣẹ́ rí, inú bàálù ló ń tọ́jú. Á gbá a, á nu ìjókòó, á yọ gbogbo ìdọ̀tí táwọn èrò ń kì bọ àpò ẹ̀yìn ìjókòó bí ẹni tó ń fowó pamọ́. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé eṣinṣin tó bá bà lé fèrèsé tó nù, yíyọ̀ ló máa yọ̀ ṣubú. Ìyẹn ló sì kó bá wa. Pápá kejì ń mú iṣẹ́ wọn gbòòrò, wọ́n ń wá ẹni tí yóò jẹ́ olórí àwọn tó ń tọ́jú inú bàálù fún oṣù mẹ́wàá, wọ́n sì mú Dúdú. Èmi fúnra mi ni mo tì í lẹ́yìn. Mo ní, "Àádọ́ta ìṣẹ́jú péré. Tí mo bá tutọ́ sókè, o ti débẹ̀ kó tó balẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ohun tí mi ò rò ni ọ̀nà ilẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni. Òkè wà láàárín, odò wà lẹ́yìn òkè, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn sọdá kì í sì í ṣí títí yóò fi kún. Mo gbọ́ pé ọkùnrin kan wọ̀ ọ́ láìtíì hu irùngbọ̀n, ìgbà tó máa sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, irùngbọ̀n ọ̀hún ti funfun. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni èmi sì fi ń sinmi lọ́sẹ̀. Ti ìwé ìwọlé bàálù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ó ju agbára mi lọ. Ọ̀nà kan péré ló wà: ilé iṣẹ́ bàálù ń fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìrìn àjò ọ̀fẹ́ kan lọ́dún, àlọ àtàbọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tí àyè bá wà. Dúdú ti fi tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Tèmi wà nílẹ̀, mò ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí nǹkan bá le, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, bàálù nìkan ló ń rí àwa méjèèjì lójoojúmọ́. Ohun tí mo bá fọwọ́ kàn ní agogo mẹ́rin, òun náà á fọwọ́ kàn án kí agogo márùn-ún tó lù dáadáa. Tí mo bá ti kó ẹrù tán, mo máa ń fọwọ́ gbá ikùn bàálù náà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń gbá èjìká ẹni tó ń lọ jíṣẹ́. Tó bá sì padà dé, táwọn èrò bá ti sọ̀ kalẹ̀, mo máa ń gun àtẹ̀gùn lọ wo àwọn ìjókòó tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí. Dúdú ní bó ṣe máa ń di bẹ́líìtì ìjókòó, á fi apá kan lé èkejì, á wá kọ irin rẹ̀ sí fèrèsé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, kò sì sẹ́lòmíì tó ń ṣe é. Tí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ó lọ síbi iṣẹ́ lónìí, ara rẹ̀ le. Mo máa ń jókòó tì í díẹ̀ kí wọ́n tó pè mí.

Oṣù kẹwàá wá ń parí lọ. Mo ti fọ aṣọ fèrèsé, mo sì ti bẹ àwọn aláǹtakùn inú ilé pé kí wọ́n wá ilé míì gbà kí ìyá ilé tó dé. Lọ́jọ́ Àìkú ni Dúdú pè mí lórí fóònù.

"Wọ́n ní kí n dúró," ó ní. "Ọdún mẹ́ta. Wọ́n ti gbé ìwé rẹ̀ wá fún mi. Mo gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá."

"Ọdún mẹ́ta," mo ní.

"Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n fọwọ́ sí i?"

Ohun tó wà nínú mi nígbà yẹn, tí wọ́n bá tú u sílẹ̀, á ká òrùlé gbogbo àdúgbò lọ. Mo fẹ́ sọ pé kó máa bọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ẹnu mi yìí, láti kékeré ló ti ń ṣe mí báyìí: tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, ẹnu mi á gbé e sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá mú èyí tó fúyẹ́ jáde.

Mo ní, "Fọwọ́ sí i. Fi ọwọ́ méjèèjì sí i, tí àyè bá ṣẹ́ kù, fẹsẹ̀ sí i pẹ̀lú. Ara tu gbogbo wa níbí. Àwọn eku inú àjà ti sanra débi pé ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn."

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fa garawa lọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé òótọ́ lò ń sọ ni àbí àwàdà?"

"Èwo lo gbọ́ lẹ́nu mi rí?"

"Ìyẹn gan-an ni mò ń bi ọ́. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà nílé ẹ, mo ṣì gbọ́dọ̀ wo ojú ẹ kí n tó mọ èwo lèwo. Lórí fóònù, mi ò rójú kankan wò. Tó o bá ní ọ̀rọ̀ òótọ́ kan fún mi, gbé ẹnu ẹ wá síbí." Ó sì pa fóònù.

Mo pè é padà. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu, mo ti fi eyín tì í lẹ́yìn. Ó gbé fóònù, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Ibẹ̀ la bá a dé.

Lọ́jọ́ Ajé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo fi lọ bá Ìyá Òṣùwọ̀n. Obìnrin àgbà ni, òun ló ń wọn èrò àti ẹrù wọn, nítorí bàálù kékeré bíi tiwa kì í ka orí, ìwọ̀n ló ń kà. Ìjókòó mẹ́ta lè ṣófo kó ní òun ti yó. Kò sì sẹ́ni tí Ìyá Òṣùwọ̀n kì í wọ̀n. Ọjọ́ tí ikú bá wá mú un, á ní kó kọ́kọ́ gorí ìwọ̀n náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ìrìn àjò ọ̀fẹ́ mi, ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́ lò ó."

Ó wò mí látorí délẹ̀ lókè awò ojú rẹ̀. "Irọ́dùn, gorí ìwọ̀n." Irọ́dùn ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún wọn.

Mo gorí rẹ̀. Kílò mọ́kànlélọ́gọ́rin.

"Èrò mẹ́rìndínlógún ló ti gbàwé ọjọ́ Ẹtì," ó ní. "Tí mo bá ro ẹrù wọn pọ̀ mọ́ epo, ohun tó máa ṣẹ́ kù fún òṣìṣẹ́ ò lè ju kílò méjìdínlọ́gọ́rin lọ. Ìwọ, aṣọ ẹ, bàtà ẹ, àti ohun tó wà nínú àpò ẹ."

"Kílò mẹ́ta péré ló lé, mà. Ẹ bá mi fojú fò ó."

"Èmi lè fojú fò ó, ọmọ mi. Òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn ò ní fojú fò ó. Lọ rù wá."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ààwẹ̀ tí kò sí nínú ẹ̀sìn kankan nìyẹn. Omi ni, àti búrẹ́dì tó fẹ́lẹ́ débi pé mo lè gba inú rẹ̀ ka ìwé ìròyìn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ikùn mi kùn, gbogbo èrò dìde, wọ́n gbé báàgì, wọ́n rò pé bàálù ti dé. Lọ́jọ́rú, mo lọ gbé àpótí obìnrin kan, àpótí náà ló gbé mi. Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ń wa katakata tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, Katakata náà la sì ń pè é, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wò mí bí ẹni ń wo okùn tó fẹ́ já.

"Irọ́dùn, ṣé o fẹ́ lọ rí ìyàwó ẹ ni, àbí o fẹ́ ká fi ọ́ ránṣẹ́ sí i nínú àpòòwé?"

"Èyí tó bá yá jù."

"Kí lo tiẹ̀ fẹ́ sọ tí fóònù ò lè gbé?"

"Kó máa bọ̀ nílé."

Ó fìka kà á. "Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. O fẹ́ fò kọjá òkè nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́rin."

"Wọ́n wúwo," mo ní. "Tí Ìyá Òṣùwọ̀n bá lọ wọ̀n wọ́n, mi ò ní ríbi wọlé."

Kí n tó débi ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Láti ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń hu ìwà kan níbi ìwọ̀n yẹn. Tí èrò bá gorí rẹ̀, tí mo bá ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, màá dọ́gbọ́n fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tẹ etí ìwọ̀n náà díẹ̀. Tíṣà kan wà tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ìwọ̀n sọ fún un pé ó ti fi kílò mẹ́rin sanra sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó pe ilé, ó ní kí wọ́n má se oúnjẹ alẹ́ mọ́. Irú ayọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ló ń gbé èèyàn ró lẹ́nu iṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Mo wọ kóòtù tí mo fi gbéyàwó, ààwẹ̀ ti jẹ́ kí àyè wà nínú rẹ̀ fún ọkọ ìyàwó kejì. Mo di ọṣẹ ìwẹ̀ tí Dúdú fẹ́ràn sínú báàgì kan, àti ìgò ìpara rẹ̀ tí wọn kì í tà níbi tó wà. Èmi ni mo kó ẹrù gbogbo èrò sínú bàálù lọ́jọ́ yẹn náà, mo wá bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo gorí ìwọ̀n pẹ̀lú báàgì mi lọ́wọ́.

Ìyá Òṣùwọ̀n wo ojú ìwọ̀n. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó. "Kílò mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún."

"Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin, mà."

"Ó jọ pé ààwẹ̀ náà bá ọ lára mu."

Mo gbé báàgì sílẹ̀. Ó di mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mo bọ́ kóòtù, mo bọ́ bàtà, ó di méjìlélọ́gọ́rin. Páílọ́ọ̀tì ti yọrí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago. Àwọn èrò ń tò lọ síta. Mo dúró lórí irin tútù yẹn pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, mò ń fi ọkàn rí Dúdú tó ń fọwọ́ sí ìwé, ọdún mẹ́ta, ọwọ́ méjèèjì, omi sì ti ń gun ojú mi. Mo ní kí n bọ́ ṣòkòtò náà, kí ojú tì mí tán. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti tú bẹ́líìtì ni mo rí bàtà iṣẹ́ ńlá kan létí ìwọ̀n lẹ́yìn mi. Mo fojú tẹ̀lé bàtà náà lọ sókè. Katakata ló wà nínú rẹ̀, ó ń wo àjà bí ẹni ń gbàdúrà.

"Mo ti fẹ́ yọ ẹsẹ̀ nígbà tó o bọ́ kóòtù," ó ní. "Ojú ẹ ló ń dùn ún wò." Ó wá rí omi tó wà lójú mi ọ̀hún, ó yọ ẹsẹ̀ kíá, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo wọ kóòtù, mo wọ bàtà, ó di méjìdínlọ́gọ́rin géérégé. Mo nawọ́ sí báàgì.

"Kóòtù lè lọ," ni Ìyá Òṣùwọ̀n wí. "Ọṣẹ á dúró." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe ń sáré jáde ló ní, "Irọ́dùn, ẹsẹ̀ tìẹ máa ń tó kílò mẹ́rin. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò."

Mo wọ bàálù. Wọ́n fi mí sẹ́yìn páílọ́ọ̀tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá arúgbó kan tó dé fìlà. Nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, mo di apá ìjókòó mú débi pé mo gbọ́ tó ń bẹ̀ mí. Ilẹ̀ já sílẹ̀ bí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Nígbà tí mo lajú, mo rí òkè nísàlẹ̀, mo rí odò, mo rí ọ̀nà tó lọ́ yí wọn ká títí, ọ̀nà ọjọ́ méjì náà. Mo na àtàǹpàkò sójú fèrèsé, mo fi bò ó. Gbogbo rẹ̀ wọ abẹ́ èékánná mi. Inú bí mi sí i gan-an, pé ohun tó kéré báyìí ló ti ń fìyà jẹ mí láti oṣù mẹ́wàá.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnu mi. "Dúdú, máa bọ̀ nílé. Dúdú, máa bọ̀ nílé." Mò ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kó lè mọ́ ọn lára. Bàbá tó dé fìlà fetí sí mi títí, ó ní, "Àmín."

Mò ń wo aago. Nígbà tó pé àádọ́ta ìṣẹ́jú, kùrukùru nìkan ni mo rí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá," mo sọ fún páílọ́ọ̀tì, "àádọ́ta ti pé."

"Iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ lónìí, ó ń tì wá sẹ́yìn. Á gbà wá ní ìṣẹ́jú méjìlá sí i."

"Ṣé a máa pẹ́ níbẹ̀ dípò rẹ̀?"

"Pẹ́ ti báwo? Ṣé o ti ra iná sí títì wa ni? Agogo márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú ni mò ń gbéra, bó ti wù kó rí."

Mo ṣírò rẹ̀. Mi ò pẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n ìyọkúrò yẹn, kò sí tíṣà tó lè kọ́ mi dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún ló kù fún mi láti rí ìyàwó mi.

A balẹ̀. Mo jókòó jẹ́ẹ́ títí èrò fi jáde tán, torí mo mọ̀ pé òun ló máa wọlé. Mo kọ́kọ́ gbọ́ garawa lórí àtẹ̀gùn. Ó wọlé tòun ti ìgbálẹ̀ àti ìbọ̀wọ́, ó ti so gèlè rẹ̀ sẹ́yìn lọ́nà tí mi ò mọ̀. Irun funfun méjì wà lẹ́bàá etí rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó ń lọ. Ó rí mi, ó dúró.

"O ti gbẹ," ó ní. "Kí ló ṣe ọ́? Ṣé ara ẹ ò yá ni?"

Mo la ẹnu tí mo ti kọ́ fún wákàtí kan. Ohun tó jáde ni pé, "Àpòòwé ni wọ́n fi mí ránṣẹ́ nínú ẹ̀. Wọ́n lẹ sítáǹbù mọ́ mi níwájú orí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó wá wo aago. "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù. Ẹni tá a jọ ń gbá a ò wá lónìí. Mú ìgbálẹ̀, ìwọ gba ọ̀tún, kí n gba òsì. Tí inú bàálù yìí ò bá mọ́, wọn ò ní jẹ́ kó gbéra."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bàálù. Àárín ìjókòó há débi pé ìdí wa ń kan ara wọn tí a bá bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́wàá gbáko. Mò ń gbóòórùn ọṣẹ tí kò jọ èyí tó ń lò nílé. Ó ń di bẹ́líìtì lọ, ó ń kọ irin wọn sí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ yá bíi ti ẹni ń di irun. Mo wò ó bó ṣe ń ṣe é. Láti ọjọ́ yìí, àmì rẹ̀ nìkan ni mo ti ń rí.

Ní ìlà kejì mo ní, "Dúdú."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Ta ló jẹ súìtì tó tó báyìí? Ṣé kòkòrò ni wọ́n ń kó lọ kó bọ̀ ni?"

Ní ìlà kẹrin mo tún pè é. Ó tún dá mi lóhùn. Mo ní eku tó ń fi ọ̀pá rìn kí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Páílọ́ọ̀tì ké láti ìsàlẹ̀ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní ìlà kẹfà, mo kúnlẹ̀ láti yọ bébà tó há sábẹ́ ìjókòó. Orí mi wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò rí ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò rí mi. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. "Máa bọ̀ nílé."

Ìgbálẹ̀ tirẹ̀ dúró. "Dìde," ó ní. "Mi ò bá ìjókòó sọ̀rọ̀."

Mo dìde, mo forí gbá irin. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí ojú mi sí fèrèsé bí ẹni ń wo ife bóyá ó mọ́. "Sọ ọ́."

"Dúdú, máa bọ̀ nílé. Mi ò fẹ́ ọdún mẹ́ta. Mi ò fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Irọ́ ni mo pa pé ara tù wá níbẹ̀, ara ò tù mí. Mo máa ń lọ jókòó ti bẹ́líìtì tó o dì."

Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Mi ò fi iyọ̀ kún un. Ó wo ojú mi títí. Ó wá jókòó lórí apá ìjókòó.

"Mo ti fọwọ́ sí i," ó ní. "Láàárọ̀ yìí. Ọ̀gá ń rìnrìn àjò, ó ní òun ò lè dúró di ọ̀la. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi sọ ọ́ di ọdún kan. Ṣùgbọ́n mo ti fọwọ́ sí i. Ìwọ lo ní kí n fọwọ́ méjèèjì sí i."

"Àwàdà ni."

"Mo ti mọ̀ báyìí." Ohùn rẹ̀ ò le, ìyẹn ló sì burú jù. "Ká ní mo gbọ́ èyí lọ́jọ́ Àìkú ni, gègé ì bá má kan bébà."

Èmi tí mo lè bá òkúta jiyàn kó gbà, ìgbálẹ̀ ni mo mú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà," páílọ́ọ̀tì ní.

Ìlà mẹ́ta ló kù. A jọ gbá a. Mi ò rò pé bàálù kankan mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé, mo nu fèrèsé kan títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Nígbà tí a parí, ó fi mí jókòó, ó fúnra rẹ̀ di bẹ́líìtì mi, ó fà á le ju bó ti yẹ lọ, ó sì fọwọ́ lé irin rẹ̀ bí ẹni tó ń fọwọ́ bo nǹkan kí òjò má pa á. Èrò àkọ́kọ́ ti ń gun àtẹ̀gùn.

"Lọ jẹun," ó ní. "Jọ̀ọ́, ọkọ mi. Lọ jẹun." Ó gbé garawa, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo rí i láti ojú fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún, kò lè juwọ́. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ìgbà tó máa fi nawọ́ sókè, bàálù ti yídìí padà sí i. Ìjókòó mi ṣì tutù, akísà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ ni. Omi wọ inú ṣòkòtò mi. Mi ò sún kúrò lójú kan títí a fi balẹ̀.

Kóòtù ni mo fi kó ẹrù àwọn tí a jọ wá. Katakata fa kẹ̀kẹ́ wá, ó sọ̀ kalẹ̀, kò jókòó lórí ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe.

"O sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́."

"Kí ló wí?"

"Ó ti fọwọ́ sí i. Ọdún kan."

Ó ti ní àwàdà lẹ́nu, mo rí i níbi tó ti ń mì. Ó gbé e mì. Ó tẹ̀ bá ẹrù, ó sì ń yan èyí tó wúwo jù fún ara rẹ̀.

Kò tíì ju agogo méje ààbọ̀ lọ tí Dúdú pè. Mo wà nídìí tábìlì, mò ń jẹ búrẹ́dì tó nípọn.

"O ti délé?"

"Mo ti délé."

"Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà yín?"

"Mọ́kànlélógójì. Afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wa."

"Ìyẹn ni pé bíbọ̀ yá ju lílọ lọ."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sáré wá sẹ́nu mi, gbogbo wọn ló ń pani lẹ́rìn-ín, èyí tó kéré jù nínú wọn lè wó ògiri. Mo pa ẹnu dé títí wọ́n fi kọjá.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Bíbọ̀ yá jù."

Ó mí sínú fóònù. "Mo ti sọ fún wọn pé ọjọ́ tí ọdún náà bá pé, mi ò ní fi ọjọ́ kan lé e. Bá mi sọ èyí tó o sọ nírọ̀lẹ́."

"Lórí fóònù?"

"Lórí fóònù. Mo ṣì ń rí ojú ẹ."

"Dúdú," mo ní, "máa bọ̀ nílé."

"Mo gbọ́," ó ní.

Kò pa fóònù, èmi náà ò pa á. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó jìnnà.